Kí Omi Tó Dé Ẹnu Ẹ̀rọ: Bí A Ṣe Ń Wá Mẹ́tàlì Bíńtín Nínú Ohun Olómi

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn iyì. Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń rí mẹ́tàlì tí kò tó nǹkan nínú ohun olómi, ìbáà jẹ́ omi mímu, omi òkun, ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ìdọ̀tí tí iléeṣẹ́ ń tú jáde. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ olówó gọbọi ni ọ̀pọ̀ yín ń retí kí n sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí a óò tẹ bọ́tìnì rẹ̀ tí nọ́ńbà á sì máa tú jáde. A ó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé kí omi tó dé ẹnu ẹ̀rọ, àyẹ̀wò ti yanjú tàbí kó ti bàjẹ́. Ẹ̀rọ kò mọ ibi tí òjé ti wá, yálà inú omi ni tàbí ara ìgò. Èyí tó bá ṣáà ti kàn án ló ń kà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ohun tí à ń wá ṣe kéré tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan ṣe òdiwọ̀n òjé nínú omi mímu. Iye kan náà ni wọ́n fi sí arsenic. Ti cadmium jẹ́ 3, ti mákúrì jẹ́ 6. Bàbà ni wọ́n fún láyè jù lọ, wọ́n gbà á láyè dé 2,000. Máíkírógíráàmù kan kò ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù lọ. Ẹ fi ojú inú wo adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi ń díje ní Òlíńpíìkì, tó gùn ní mítà 50, tó fẹ̀ ní mítà 25, tó sì jìn ní mítà 2. Omi tó wà níbẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù lítà méjì ààbọ̀. Bí ẹ bá yọ́ gíráàmù 25 òjé péré sínú gbogbo rẹ̀, tí ẹ rò ó pọ̀ dáadáa, ẹ ti kan òdiwọ̀n àjọ náà. Ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò kò sì gbọdọ̀ dúró sórí 10. Ó gbọ́dọ̀ lè rí 1, ó sàn kó tiẹ̀ lè rí 0.1, kó tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé omi kan mọ́. Ní ti omi agbami òkun, máíkírógíráàmù gan-an ti tóbi jù láti fi ka òjé ibẹ̀. Nanogíráàmù la fi ń kà á, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún máíkírógíráàmù, níbi púpọ̀ kì í sì í ju ẹyọ díẹ̀ lọ nínú lítà kan.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ láyé. Ní Heidelberg, ní Jámánì, Robert Bunsen àti Gustav Kirchhoff rí i pé bí a bá fi iyọ̀ mẹ́tàlì sínú iná, tí a sì fi gíláàsì onígun mẹ́ta tú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ká, mẹ́tàlì kọ̀ọ̀kan ní ìlà àwọ̀ tirẹ̀ tí kò bá ti òmíràn dọ́gba. Ní 1860, wọ́n yẹ omi ìsun Dürkheim wò, wọ́n sì rí ìlà búlúù méjì tí kò jẹ́ ti mẹ́tàlì kankan tí ẹnikẹ́ni mọ̀ nígbà náà. Bí wọ́n ṣe ṣàwárí cesium nìyẹn. Àmọ́ ojú ló rí i, ọwọ́ kò tíì tó o. Kí wọ́n tó lè rí díẹ̀ kó jọ, ńṣe ni wọ́n gbẹ omi tó tó 44,000 lítà, tó wá ku omi iyọ̀ kíki tó jẹ́ kílógíráàmù 240. Inú ìyẹn ni wọ́n ti ń yọ àwọn mẹ́tàlì yòókù kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi ku gíráàmù mélòó kan tí wọ́n ń wá. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n ṣe pọ̀ níbẹ̀: wọ́n kó ohun tí wọ́n ń wá jọ sójú kan, wọ́n sì lé ohun tó ń bò ó mọ́lẹ̀ kúrò. Títí di òní, iṣẹ́ méjèèjì yìí náà ni ìfàyọ, ìyẹn fífa mẹ́tàlì yọ kúrò nínú omi, ń bá wa ṣe.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló dé tí a kò kàn gbé omi sínú ẹ̀rọ ìgbàlódé ní tààrà. Bó bá jẹ́ omi mímu tó mọ́, a lè ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ kán àsìdì díẹ̀ sí i, ẹ gbé e fún un, ó parí. Omi òkun ló ń dá wa lágara. Iyọ̀ inú lítà kan rẹ̀ tó gíráàmù 35, òjé inú rẹ̀ sì jẹ́ nanogíráàmù. Ẹ̀rọ tó ríran jù lọ nínú wọn, èyí tí a ń pè ní ICP-MS, tó ń fi ìwúwo átọ́ọ̀mù dá mẹ́tàlì mọ̀, kì í fẹ́ kí ohun tó yọ́ sínú omi ju bíi gíráàmù 2 lọ nínú lítà kan. Bó bá ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, iyọ̀ á gbẹ, á dì mọ́ ihò wínníwínní tí nǹkan ń gbà wọlé, ohun tí ẹ̀rọ ń kà á sì máa relẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ẹ lè ní ká bu omi là á ní ìlọ́po ogún. Iyọ̀ á dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjé náà á dín kù ní ìlọ́po ogún, ibi tí a ti ń sá la tún padà sí.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń fà á yọ. Mẹ́tàlì tó ti yọ́ sínú omi máa ń gbé agbára iná mànàmáná sára, omi sì fẹ́ràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó máa ń rọ̀gbà yí i ká. Bí ẹ bá da chloroform, ohun olómi kan tí kì í pò mọ́ omi, sínú irú omi yẹn, mẹ́tàlì kò ní yà sí i rárá. Àfi kí ẹ wá kẹ́míkà kan tí yóò gbá mẹ́tàlì náà mú, tí yóò pa agbára iná yẹn kú, tí yóò sì fi ara tirẹ̀ bò ó. Nígbà náà ni omi kò ní fẹ́ẹ mọ́, chloroform á sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Adìmú ni mo máa ń pe irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń rí lójú pẹ̀lú dithizone, adìmú àtijọ́ tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ti ń lò láti bíi 1925. Ẹ mú ìgò onídìí ṣóńṣó tó ní tápù nísàlẹ̀ àti ìdérí lókè. Ẹ da omi tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò sí i, ẹ fi ammonia gbé pH rẹ̀ (òdiwọ̀n kíkan omi; bó bá ṣe ń ga sí i ni kíkan ń dín kù) sókè sí àárín 9 àti 10, ẹ fi citrate sí i kí irin má baà dì sínú omi bí ìpàǹtí. Ẹ wá da chloroform tí a ti yọ́ dithizone sí lé e. Ó wúwo ju omi lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló máa lọ, ẹ ó sì rí i tó mú àwọ̀ ewé rokoṣo. Ẹ dé e pa, ẹ dorí ìgò kodò, ẹ yí tápù díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ rí ọ̀nà jáde. Ẹni tó bá fo èyí, ìdérí á ta dànù, gbogbo làálàá á sì dà sílẹ̀. Ẹ wá mì ín fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ẹ gbé e kọ́, ẹ máa wò ó. Omi á gòkè, chloroform á tún lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé ti lọ. Bí òjé bá wà níbẹ̀, pupa lẹ ó rí. Bí pupa yẹn bá ṣe jinlẹ̀ tó ni òjé ṣe pọ̀ tó, ẹ̀rọ kékeré tó ń wo ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ bíi nanomítà 510 á sì sọ iye rẹ̀ fún yín.

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn tó bẹ́ẹ̀ tán, torí oníwọra ni dithizone. Ó ń gbá bàbà mú, ó ń gbá síńkì mú, ó ń gbá cadmium àti mákúrì mú. pH la fi ń tọ́ ọ sọ́nà: mákúrì àti bàbà ń tẹ̀ lé e nígbà tí omi ṣì kan, òjé ń dúró di ìgbà tí omi kò bá kan mọ́. Kí bàbà àti síńkì má baà dá sí ọ̀rọ̀ òjé, cyanide ni àwọn àgbà ń fi sínú omi láti dá wọn dúró síbẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni o, ṣùgbọ́n bí àsìdì bá ṣèèṣì kan cyanide yẹn, gáàsì tó ń pani ló ń tú jáde. Inú mi kò bàjẹ́ rárá pé ọ̀nà yìí ti ń kógbá sílé.

Ohun tó jẹ́ kó kógbá sílé ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Nígbà tí ojú nìkan ló ń wo àwọ̀, dandan ni kí ìfàyọ yan mẹ́tàlì kan ṣoṣo. Nígbà tí spectrometer, ẹ̀rọ tó ń ka ìmọ́lẹ̀ mẹ́tàlì, dé, tó fúnra rẹ̀ ń dá òjé mọ̀ yàtọ̀ sí cadmium, a kò nílò adìmú tó ń yàn mọ́. Oníwọra la wá ń fẹ́! Adìmú kan tó ń jẹ́ APDC di ààyò, torí pé ó ń gbá ọ̀pọ̀ mẹ́tàlì mú lẹ́ẹ̀kan náà nínú omi tó kan díẹ̀, tó sì ń fi sodium, calcium àti magnesium sílẹ̀. MIBK, ohun olómi mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ chloroform, ni a sábà máa ń fi gbà á, ìyẹn sì fúyẹ́ ju omi lọ, òkè ló máa ń wà. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má ti ipa àṣà ti chloroform ṣí tápù kí ẹ da èyí tó yẹ kí ẹ pa mọ́ nù.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Ká ní mẹ́tàlì kan fẹ́ràn MIBK ní ìlọ́po 1,000 ju omi lọ, tí omi wa jẹ́ mílílítà 500, tí MIBK jẹ́ 10. Lẹ́yìn mímì ẹ̀ẹ̀kan, bíi ìdá 95.2 nínú ọgọ́rùn-ún ti kọjá. Bí ẹ bá da MIBK mílílítà 10 mìíràn sí i tí ẹ tún mì ín, ó di 99.8. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá da 20 náà sí i lẹ́ẹ̀kan, 97.6 péré lẹ ó rí. Díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sàn ju rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan lọ. Lẹ́yìn èyí, a máa ń fi nitric acid gba mẹ́tàlì náà padà kúrò nínú MIBK, nítorí pé èédú inú MIBK máa ń dì mọ́ ẹnu ẹ̀rọ plasma, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń lo gáàsì gbígbóná janjan bíi ICP-MS.

Lónìí, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ àyẹ̀wò ti fi ìgò mímì sílẹ̀. Wọ́n so adìmú mọ́ ara ẹyọ róbà wínníwínní, wọ́n kó o sínú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì ń fi omi òkun gba inú rẹ̀ kọjá ní pH bíi 6. Mẹ́tàlì á dúró, iyọ̀ á kọjá. Wọ́n á fi ammonium acetate ṣan èyí tó kù nínú calcium àti magnesium, wọ́n á wá fi mílílítà kan tàbí méjì nitric acid já mẹ́tàlì náà gbà. Èyí lèmi fẹ́ràn, torí kẹ́míkà tó ń wọ inú iṣẹ́ kéré. Mákúrì kò tiẹ̀ nílò adìmú: ẹ fi tin chloride sí i, á di afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ láìsí iná, a ó sì kà á ní nanomítà 253.7. A lè sọ arsenic náà di gáàsì pẹ̀lú sodium borohydride, kó fi gbogbo ìdọ̀tí omi sẹ́yìn.

Ẹ̀rọ wá kàn. Ní 1955, Alan Walsh ní Ọsirélíà wo ohun tí Bunsen ṣe, ó yí i po. Dípò kó wo ìmọ́lẹ̀ tí mẹ́tàlì ń tàn jáde, ó wo èyí tó ń gbé mì. Ó tan fìtílà tí a fi òjé ṣe, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba inú iná kọjá, átọ́ọ̀mù òjé tó wà nínú iná gbé lára rẹ̀ mì, iye tó dín kù ló sọ iye òjé. Ohun tó ń dí iná lọ́wọ́ ni pé átọ́ọ̀mù kì í pẹ́ níbẹ̀, wọ́n ti fò lọ. Boris L'vov ní Rọ́ṣíà ló fi ihò èédú dípò iná: omi bíi máíkírólítà 20, ká gbẹ ẹ́, ká jó ẹ̀gbin rẹ̀ dànù, ká wá mú iná gbóná lójijì kí átọ́ọ̀mù ṣẹ́ yọ papọ̀ ní ibi tó há. ICP-MS ní tirẹ̀ ń fi gáàsì argon dá plasma tó gbóná ju iná lásán lọ fíìfíì, bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́fà sí mẹ́wàá kelvin, ó ń mú kí átọ́ọ̀mù gbé agbára iná mànàmáná sára, ó sì ń fi ìwúwo wọn yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìwúwo yìí náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Arsenic jẹ́ 75. Argon jẹ́ 40, chlorine jẹ́ 35, bí àwọn méjèèjì bá so pọ̀ nínú plasma, 75 náà ni. Ẹni tó bá gbé omi iyọ̀ fún ẹ̀rọ, tàbí tó fi hydrochloric acid pa omi mọ́, á rí arsenic tí kò sí níbẹ̀. A lè fi gáàsì helium dènà rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, nítorí pé àsopọ̀ méjèèjì yẹn sanra ju átọ́ọ̀mù kan lọ, ó ń kọlu helium léraléra, agbára rẹ̀ á tán. Ṣùgbọ́n bí ìfàyọ bá ti lé chlorine lọ láti ìsàlẹ̀, wàhálà tó kù kò tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ nitric acid la máa ń pe nínú iṣẹ́ yìí.

Èyí tó le jù ni àbàwọ́n. Clair Patterson, ẹni tó ṣiṣẹ́ ní Caltech ní California, fẹ́ fi òjé inú òkúta tó já láti ojú ọ̀run mọ ọjọ́ orí ayé. Ní 1956 ló kéde pé ayé ti tó bílíọ̀nù ọdún 4.55. Ohun tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni pé òjé ń wọlé láti ibi gbogbo: eruku, kẹ́míkà, ìgò, ara ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ó ní láti kọ́ yàrá tí wọ́n ti ń sẹ́ afẹ́fẹ́. Nígbà tó gbé ìmọ́tótó yẹn lọ sójú òkun, àwọn iye òjé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde ṣáájú rẹ̀ kò fara mọ́ ọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ga ju òtítọ́ lọ, ìgbà mìíràn ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po, torí okùn wáyà ọkọ̀, ọ̀dà ọkọ̀ àti èéfín rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń wọ̀n, wọ́n rò pé òkun ni. Iṣẹ́ yẹn ló tún jẹ́ kó mọ̀ pé òjé inú bẹntiróòlù ti tàn ká ayé, ó sì gbógun tì í. Ní 1996, Amẹ́ríkà fòfin de òjé nínú bẹntiróòlù mọ́tò ojú pópó.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré. Ká ní òjé inú omi kan jẹ́ 0.4 máíkírógíráàmù nínú lítà kan, a sì mú mílílítà 500. Gbogbo òjé tó wà lọ́wọ́ wa jẹ́ 0.2 máíkírógíráàmù. Bí ìbọ̀wọ́, àsìdì, ìgò àti eruku bá jọ dá 0.1 péré sí i, èsì wa á di 0.6. Ẹnikẹ́ni tó bá ka ìwé wa á gbà gbọ́ pé òjé fi ìdajì pọ̀ sí i, ẹ̀rọ ò sì ní sọ ohunkóhun, torí ó rí 0.6 lóòótọ́. Ìfàyọ tó ń sọ mẹ́tàlì di púpọ̀ ń sọ àbàwọ́n náà di púpọ̀.

Nítorí náà ni a fi ń rẹ ìgò ike sínú àsìdì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nítorí náà la fi ń wọ ìbọ̀wọ́ tí kò ní àtíkè. A ń sè àsìdì láìjẹ́ kó hó, ká fi ooru rẹ̀ tó bá di omi padà ṣiṣẹ́. Ohun tí a fi ń gbé pH sókè gan-an, ọ̀pá adìmú kan náà ni a fi ń sẹ́ ẹ. Gíláàsì kò dára fún òjé, ike sì kò dára fún mákúrì, torí afẹ́fẹ́ mákúrì ń gba ara ike kọjá. Ti mákúrì la ń fi gíláàsì tàbí Teflon ṣe. Omi àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ ní pH tó kéré sí 2 kíákíá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́tàlì á lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Bó bá jẹ́ èyí tó yọ́ sínú omi nìkan lẹ fẹ́, ẹ sẹ́ ẹ kí ẹ tó da àsìdì sí i, torí àsìdì á já èyí tó wà lára pàǹtí sínú omi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń yí èyí sódì.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé iṣẹ́ mọ́? Omi tó mọ́ gaara la ń mú gba gbogbo ọ̀nà náà, láti ìgò títí dé ẹ̀rọ, lọ́pọ̀ ìgbà. Òfìfo la ń pè é. Bí iye òfìfo bá ń yàtọ̀ síra, a ó mọ bí ìyàtọ̀ náà ṣe tó, ká sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ìyẹn ni ibi tí ìríran wa mọ. Ohun tó bá kéré sí i, a kò lè sọ pé a rí i. A tún máa ń fi mẹ́tàlì tí a mọ iye rẹ̀ sínú omi gidi ká tó bẹ̀rẹ̀ ìfàyọ, ká wo iye tó padà jáde. Bí 10 wọlé tí 8 jáde, ibì kan ń jò. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí gbẹ́kẹ̀ lé ara yín jù. Mẹ́tàlì tí ẹ fi síbẹ̀ ń rìn ní òmìnira, èyí tó ti wà nínú omi òkun tẹ́lẹ̀ lè ti so mọ́ ohun alààyè, bàbà àti cobalt pàápàá. Adìmú á kó tiyín, á fi tòkun sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ultraviolet la fi ń já ìdè yẹn.

Ọgbọ́n tó wù mí jù ni ti isotope, ìyẹn oríṣi mẹ́tàlì kan náà tí ìwúwo átọ́ọ̀mù wọn yàtọ̀. Òjé inú ayé ní 204, 206, 207 àti 208. Ẹ ra òjé tó fẹ́rẹ̀ jẹ́ 207 nìkan, ẹ wọn iye kan sínú omi, ẹ jẹ́ kó bá ti inú omi dọ́gba, kí ẹ tó fà á yọ. Láti ìgbà yẹn lọ, bí ìdajì bá dà nù, kò ba nǹkan jẹ́, torí pé ìdajì 207 àti ìdajì 208 jọ lọ ni. Ìṣirò àárín wọn ló ń sọ ìtàn, Patterson gan-an lò ó. Òfìfo kò sì sí nínú ohun tí ọgbọ́n yìí ń wò: àbàwọ́n tó wọlé ti wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tún ti ń le ni irú èyí tí mẹ́tàlì náà jẹ́. Ìjàǹbá Minamata ní Japan, tí wọ́n dá mọ̀ ní 1956, methylmercury, irú mákúrì tó so mọ́ èédú, ló dá a sílẹ̀, ẹni tó bá wọn mákúrì gbogbo lápapọ̀ kò ní mọ iye rẹ̀. Irú chromium tí a ń pè ní VI lè fa àrùn jẹjẹrẹ, chromium III kò rí bẹ́ẹ̀. Ìfàyọ lè yà wọ́n: APDC ń gbá VI mú ní pH tó tọ́, ó sì ń fi III sílẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ tó wo gbogbo rẹ̀ pọ̀ kò mọ ìyàtọ̀.

Ní ti kíkọ èsì, ẹ má kọ 0 láé. Bí ibi tí ìríran yín mọ bá jẹ́ 0.02, ẹ kọ pé ó kéré sí 0.02. Ìlà tí èmi ń fẹ́ rí, bí àpẹẹrẹ, ni èyí: òjé, lẹ́yìn sísẹ́, 0.42 pẹ̀lú tàbí dín ní 0.05 máíkírógíráàmù nínú lítà kan, òfìfo 0.03, ìpadàjáde ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún, ibi tí ìríran mọ, 0.02. Ẹni tó bá kọ 0.42 nìkan fún yín, ẹ bi í léèrè mẹ́rin tó kù. Ẹ̀yin náà ẹ bi mí ní tiyín.